Ṣé ADHD nìkan ni, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 9. Láti kékeré ni kì í lè jókòó sójú kan, nílé àti nílé ìwé. ADHD (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kọ́mọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí jókòó jẹ́ẹ́) ni dókítà pè é, mo sì gbà.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, odindi ọjọ́ 8 ló fi ń sùn wákàtí 4 péré, kò sì rẹ̀ ẹ́. Mo bá a láago 3 òru tó ń to gbogbo bàtà ilé, ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu rẹ̀ wàrà-wàrà, ó ní kò sóhun tó lè pa òun. Nígbà tó yá, ẹkún ló kù, bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn ò wù ú gbá mọ́. Àyà mi já.

Mo mọ̀ pé ADHD kì í lọ kó tún dé, pé sáà-sáà ni bipolar (àìsàn ọpọlọ tí ara èèyàn fi ń yá gágá jù nígbà kan, tí ìbànújẹ́ ńlá sì ń bò ó nígbà mìíràn) máa ń wá, àwọn méjèèjì sì lè pàdé lára ọmọ kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú èyí, kí lẹ fi mọ ìyàtọ̀? Mo ń kọ wákàtí oorun rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni kí n tún máa kọ fún dókítà? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó lo oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀.