Irun mi ń re, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóbi, Kàbà
Òkun o, gbogbo ilé. Ẹni ọdún 38 ni mí, oúnjẹ ni mò ń tà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí irun mi ti ń re. Kì í ṣe iwájú orí nìkan, gbogbo orí ni. Tí mo bá fọ irun, ihò tí omi ń gbà jáde ní balùwẹ̀ á dí. Láàárọ̀ yìí mo ṣù èyí tó wà lára òòyà jọ, ó tó ẹyin adìẹ. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àbíkẹ́yìn mi ti pé ọdún mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi ní àwọn kan ló mú irun mi lọ síbi tí kò yẹ. Ọkọ mi ní rílásà ni. Òróró mẹ́ta ni mo ti rà, owó wọn lé ní 20,000 náírà. Kí ni kí n ṣe?

Onídìrí Mọ̀pà
Òkun o, àǹtí. Ẹ mú fọ́nrán kan nínú èyí tó re, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ lójú oòrùn. Tí ẹ bá rí kókó funfun tín-ín-tín níbẹ̀, láti ìdí ló ti tú, inú ara ni kí ẹ ti wá a. Tí kò bá sí kókó, tí fọ́nrán náà sì kúrú, a jẹ́ pé ó ń já ni, ọ̀rọ̀ rílásà àti iná nìyẹn. Ká ní etí iwájú orí nìkan ni, ẹ̀bi àwa onídìrí ni, mo gbà. A máa ń fà á débi pé oníbàárà ò ní lè sùn lálẹ́, tó bá sì di àárọ̀ á ní "ó mà mọ́ o!" Irun dídì tó bá ń dunni tàbí tó ń yọ ìléròrò, ẹ tú u lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ó bá pẹ́, ìdí irun á kú, òróró kankan ò lè jí i.

Ìyá Tóbi, Kàbà
Mo ti wò ó. Kókó funfun wà níbẹ̀. Mo wo bíi mẹ́wàá, gbogbo wọn ló ní in.

Òróró Àrà
Ẹ pè mí, ẹ̀gbọ́n. Òróró tèmi ń mú irun hù láàárín ọjọ́ 14. 7,500 péré.

Alábòójútó
Ẹ má polówó níbí mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ni irun ń hù lóṣù. Kí ló fẹ́ hù lọ́jọ́ 14?

Ọmọ Ìsánlú
Tírọ́ìdì ni tèmi, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára; tèmi ò ṣiṣẹ́ tó. Nínú oṣù Kẹta tí gbogbo ayé ń làágùn, èmi ń wá súwẹ́tà. Mo ń sanra láìjẹun púpọ̀, inú mi ń dè, orun ò kúrò lójú mi, wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Ọrùn mi ò wú o, torí náà kò sẹ́ni tó ronú kàn án. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH, tí wọ́n fi ń mọ bí tírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́, ló tú àṣírí. Ẹni tó bá ń lo bíótíìnì, fítámì kan, nítorí irun, kó sọ fún àwọn ará láàbù kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè yí èsì náà padà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (mo ti fẹ̀yìn tì)
Òkun, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka tìrẹ. Irun gbogbo wa ló ń re, 50 sí 100 fọ́nrán lójúmọ́ kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n tí ìyà ńlá bá jẹ ara, irun wà lára ohun tí ara máa ń kọ́kọ́ pa tì. Ibà líle, iṣẹ́ abẹ, ìbímọ, ọ̀fọ̀, fífi ebi pa ara ká lè fọn: lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́rin ni irun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa re, nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé ibà. Irú ìyẹn máa ń padà hù fúnra rẹ̀. Nítorí náà dá mi lóhùn. Ṣé ibà ṣe ọ́ ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀? Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́, ọjọ́ mélòó, páàdì mélòó? Dúró níwájú dígí, fa ìsàlẹ̀ ojú rẹ wálẹ̀, kí ni àwọ̀ inú rẹ̀? Èyí á pa ọ́ lẹ́rìn-ín: ṣé o máa ń jẹ yìnyín?

Ìyá Tóbi, Kàbà
Hẹ̀n! Màmá, ta ló sọ fún yín? Ojoojúmọ́ ni mò ń rún un. Ike mẹ́rin ló wà nínú fìríìsà tí mo fi ń ṣe é, Tóbi á máa gbọ́ ariwo eyín mi láti yàrá. Mo rò pé ooru ni. Inú ojú mi funfun bí ẹ̀kọ. Ní ti nǹkan oṣù, ọjọ́ mẹ́jọ ni, lọ́jọ́ kejì mi ò lè jókòó wákàtí méjì kí n má pààrọ̀ páàdì. Ọkùnrin wà níbí ni mi ò ṣe kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń lọ, irin ara rẹ, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ń bá a lọ. Ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀ ló sábà máa ń wá yìnyín kiri báyìí. Má lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ lásán. Ní kí wọ́n ṣe PCV, tí wọ́n fi ń mọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, àti ferritin, tó ń fi irin tí ara tọ́jú pamọ́ hàn, kí wọ́n sì ya àwòrán ilé ọmọ rẹ, bóyá ìju, kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Tí wọ́n bá fún ọ ní oògùn irin, ìgbẹ́ rẹ á dúdú, má jáyà. Má fi tíì gbé e mì, omi ọsàn ló dára.

Bàbá Ayọ̀, Ògìdì
Ọkùnrin tí ẹ ń sá fún rèé o. Irun orí ìyàwó tèmi ń lọ, irùngbọ̀n ń hù, nǹkan oṣù kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Dókítà ní hòmóònù ni, PCOS ni wọ́n pè é. Èmi ni mo bá a lọ.

Onídìrí Mọ̀pà
Màmá, oníbàárà mi kan, àtàrí rẹ̀ nìkan ló ń pá, ó ní ó ń yún òun, ó sì ń jó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ní kó lọ rí dókítà awọ ara lọ́sẹ̀ yìí. Irú ẹ̀ lè fi àpá sílẹ̀ lábẹ́ awọ, ibi tó bá ti lápá kì í sábà hu irun mọ́.

Ìyá Tóbi, Kàbà (ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà)
Òkun o. PCV mi jẹ́ 24, wọ́n ní ó yẹ kó tó 36. Ìju méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò tóbi, a ṣì máa padà lọ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn irin. Wọ́n ní kí n má retí irun tuntun kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ìyá ọkọ mi ló tẹ̀ lé mi lọ, òun ló gbá páálí èsì mọ́yà délé. Mo ti kó ike yìnyín kúrò nínú fìríìsà, Tóbi ní kí ló dé tí ilé dákẹ́ báyìí.