Ó rò ó gbé: orúkọ wo ni ká fún agbára ọmọbìnrin yìí?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ ife yìí ti wà lẹ́nu wa, mo sì rò pé ó kàn mí láti dá sí i, nítorí èmi náà wà lára àwọn tó da omi sínú rẹ̀.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìtàn àròsọ kan ni a ń kọ papọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà nínú rẹ̀, obìnrin, tí kì í fọwọ́ kan nǹkan, tí kì í pe ọfọ̀, tí kò so ohunkóhun mọ́ ìdí. Síbẹ̀, tó bá ti fẹ́ kí àga kúrò níbi tó wà, àga á kúrò. A ti kọ orí mẹ́fà, a ò tíì mọ ohun tí a ó máa pe agbára yẹn. Ẹni tó kọ orí kìíní pè é ní “agbára rẹ̀”. Ní orí kejì, ó di “nǹkan yẹn”. Ní orí kẹta, ibi tí ife ti gbéra lórí tábìlì, ẹnì kan kọ “idán”, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ti idán kò ní gba àkókò mi. Pidánpidán ló ni ín. Ẹni tó ń wòran mọ̀ pé ọgbọ́n kan wà nídìí ohun tí òun ń wò, pé ojú òun ni wọ́n ń tàn, adùn rẹ̀ sì ni pé kò rí ibi tí wọ́n gbà tàn án. Ọmọ tiwa kò tan ẹnikẹ́ni. Nínú ìtàn yìí, ife gbéra lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa tó sọ pé kí la ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sí, ṣebí àwọn baba wa ti ní egbé tó ń gbéni lọ síbi jíjìn, wọ́n ní kánàkò tó ń sọ ọ̀nà di kúkúrú, wọ́n ní gbètugbètu tó ń mú kí ẹni tí a pàṣẹ fún ṣe ohun tí a wí: ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ó sì wù mí kí n gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí oògùn jẹ́. Ohun tó ṣeé fọwọ́ mú ni. Ó ṣeé jí, ó ṣeé sọnù, ó ní èèwọ̀, bí èèwọ̀ rẹ̀ bá sì bà jẹ́, ó parí. Ẹni tó ní egbé, egbé ló ń gbé e. Ẹ gba egbé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn. Kí ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí? Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ni egbé ni egbé máa ń gbé, kì í gbé ife fún un. Ní ti gbètugbètu, ẹni tí a bá pàṣẹ fún gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó ṣe é. Ife kò létí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò ní gbà ká pe gbogbo agbára inú ìtàn wa ní àmútọ̀runwá. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, ó sì bá ọmọbìnrin yìí mu, nítorí a bí i mọ́ ọn. Ọmọkùnrin orí karùn-ún ńkọ́, èyí tí kẹ́míkà dà sí lára kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju ọkọ̀ lọ? Ọ̀run kò mọ nǹkan kan nípa tiẹ̀. Ibi tí agbára ti wá ni àmútọ̀runwá ń sọ, kò sọ ohun tí agbára náà ń ṣe. Ohun tó ń ṣe gan-an la sì ń wá orúkọ fún.

Èyí tó mú mi jókòó kọ̀wé gùn tó báyìí ni ti ọ̀rẹ́ wa tó ní ká yé da ara wa láàmú, ká kọ “tẹlikinẹ́sísì” kí ó sì tán, pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní “agbára tí a fi èrò gbé nǹkan”. Ó tì o. Kò sí èrò kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀: tele, ìyẹn ọ̀nà jíjìn, àti kinesis, ìyẹn mímì tàbí ìrìn. Ará Rọ́ṣíà kan, Alexander Aksakof, ló lò ó ní 1890, nígbà tó ń kọ̀wé nípa àwọn tó máa ń pe òkú, tí wọ́n sì ń sọ pé tábìlì ń mì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ kò ju pé nǹkan wà lọ́hùn-ún, ó sì mì. Ta ló mì ín, kò sọ. Ní 1914 ni Henry Holt, ará Amẹ́ríkà kan tó ń tẹ ìwé, wá fi psyche, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ẹ̀mí inú ènìyàn, sí iwájú kinesis, kí ó lè hàn pé láti inú ènìyàn ni agbára náà ti jáde.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́ yóò bá “ìrìn ọ̀nà jíjìn” bọ̀, òǹkàwé á sì máa wá ẹrù àti bàtà. Ẹ sì jẹ́ kí n fi kún un pé kò sí ará Gíríìsì àtijọ́ kankan tó mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan ló jókòó tó dá a, gẹ́gẹ́ bí Frederic Myers ṣe dá telepathy, ìyẹn kí èrò ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìsọ̀rọ̀, ní 1882, àti bí Charles Fort ṣe mú ìdajì Gíríìkì pọ̀ mọ́ ìdajì Látìn ní 1931 tó fi rí teleportation, ìyẹn kí nǹkan kúrò níbì kan kó sì bọ́ síbòmíràn lójijì. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa tí èdè wa fi àṣẹ lé wa lọ́wọ́ láti so ọ̀rọ̀ pọ̀ bó bá ṣe wù wá, àwa là ń tijú.

Ó wá ku ìfọkàngbé, èyí tí àbúrò wa mú wá, tí àwọn tó pọ̀ jù sì ti fẹ́ràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ náà fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo kà á sókè fún ẹnì kan nílé láìsọ ohun tó jẹ́, ó sì bi mí pé ṣé orúkọ ìsọjí tuntun ni. Ohun tó fà á kò jìnnà. Ìfọkànsìn, ìfọkàntán, ìfọkànbalẹ̀: àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ti ní ibùjókòó tiwọn, ilé àdúrà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Bí ojú bá ti rí “ìfọkàn-”, ó ti kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn fúnra rẹ̀ tún nípọn ju bí a ṣe ń lò ó lọ. Ẹ wo Mátíù 22:37 nínú Bíbélì Yorùbá, níbi tí a ti ní kí ènìyàn fẹ́ Ọlọ́run. Mẹ́ta ni ohun tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀: àyà, ọkàn, inú. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ kò dà wọ́n pọ̀. Ọkàn wọn ni èyí tó ń fi ara sílẹ̀ lọ lọ́jọ́ ikú. Inú ni wọ́n fún ní iṣẹ́ ìrònú, wọ́n sì jàre, nítorí “ronú” kò ju ro inú lọ. Tí a bá wí pé ọmọbìnrin yìí fọkàn gbé ife, ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè rò pé ọkàn rẹ̀ ló jáde lọ gbé e. Ìtàn mìíràn nìyẹn, ó sì bani lẹ́rù ju tiwa lọ.

Kí n má baà rẹ́ àbúrò wa jẹ, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó gbè é lẹ́yìn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sọ. Nínú ẹsẹ Bíbélì yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbi tí a kọ ọkàn sí ni psyche, èyí tí Holt mú. Bí ti Holt ni a bá fẹ́ túmọ̀, ìfọkàngbé sún mọ́ ọn ju ohunkóhun tí èmi yóò mú wá lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní ti Holt la fẹ́ túmọ̀? Ọmọ tiwa la fẹ́ sọ lórúkọ.

Mo kọ́kọ́ dá “àwògbé”. Ó wò ó, ó gbéra. Inú mi dùn sí i púpọ̀, mo tilẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì kí n tó rántí pé ní orí kẹrin, wọ́n fi aṣọ di ọmọ náà lójú, àga mẹ́rin sì fò lọ lu ògiri. Kò wo nǹkan kan. Ẹni tó kọ orí yẹn ló ba tèmi jẹ́, mo sì ti dárí jì í.

Ṣùgbọ́n ìlànà tí mo fi dá a kò burú. Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń sọ irú nǹkan báyìí lórúkọ. Kánàkò: ká ọ̀nà kò. Àpèta, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀tá léṣe látòkèèrè: a pè é, a ta á. Wọn kò sọ ibi tí agbára ti wá, wọn kò sì pè é ní agbára rárá. Wọ́n mú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó ń tẹ̀ lé ara wọn, nígbà mìíràn wọ́n á fi ohun kékeré kan síwájú, ó tán. Ọgbọ́n yìí náà ló bí asọ̀rọ̀mágbèsì nígbà tí rédíò dé. Ẹni tó dá a kò bìkítà nípa bí iná inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó rí àpótí kan tó ń dá nìkan sọ̀rọ̀ láìgba èsì, ó sì sọ ohun tó rí.

Kí ni ọmọ yìí ń ṣe tẹ̀ léra? Ó ń rò ó, ó ń gbé e. Àrògbé.

Ohun tó jẹ́ kí n dúró ti èyí ni pé kò dá nìkan wà nílé. A ti ní àròkọ, èyí tí a rò tí a sì kọ. A ní àròsọ, a ní àròjinlẹ̀, a ní àròfọ̀ tí àwọn akéwì ń ké. Ẹni tó bá gbọ́ àrògbé lẹ́ẹ̀kan ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, nítorí ó ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé rí. Ó tún ṣeé tú palẹ̀ di gbólóhùn, èyí tí ìfọkàngbé kò lè ṣe kó dùn létí. “Ó ro ife gbé.” “Má rò mí gbé o!” “Ta ló ro àga yìí gbé síbí?” Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé inú ìtàn kò bá lè fi bú ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tíì di ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní agbára náà á sì máa jẹ́ alárògbé.

Àléébù wà ńbẹ̀, mi ò ní bò ó. Èkíní, tí a bá ń tẹ̀ síwájú lórí ìlànà yìí, tí ó bá rò ó tì á jẹ́ àròtì, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá rò ó tí gíláàsì fọ́, àròfọ́ ni, ahọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí tí ohùn bá fi lè rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ewì ló ké yẹn.

Èkejì ló le. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo fi hàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní kí n rántí pé oore kì í gbé. Òótọ́ ni. “Gbé” tó túmọ̀ sí pé nǹkan ṣòfò, pé a ṣe é lásán, ohùn kan náà ló ní pẹ̀lú “gbé” ti ẹni tó gbẹ́rù. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lè sọ pé àrògbé ni ìrònú tó já sí asán, kò sì ní parọ́. Mo ti yí i síbí, mo ti yí i sọ́hùn-ún, ohun tí mo rí fi gbèjà rẹ̀ ni pé gbólóhùn tó yí i ká yóò máa là á. “Ó ro ife gbé” kò lè jẹ́ pé ìrònú ṣòfò. Ife wà níbẹ̀, lókè, gbogbo ènìyàn ń wò ó.

Mo ti tún orí kẹta kọ pẹ̀lú rẹ̀: “Kò nawọ́. Kò lanu. Ó ro ife náà gbé, omi inú rẹ̀ kò sì dà.” Ó dà bíi pé ó dúró. Orí kẹfà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò, níbi tó ti ń gbé ara rẹ̀ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ pé “ó ro ara rẹ̀ gbé kọjá òrùlé”. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, n kò sì lè sọ bóyá ó ń fò ni tàbí ó ń ṣègbé.