Residency tí wọ́n ń fi owó ìrànwọ́ ìjọba gbé ró: ṣé kí àbúrò mi gbé e sí ipò kìíní?

Ẹ̀yin dókítà wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi tó kàwé dókítà ní Ìbàdàn ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún residency (ìkọ́ṣẹ́ tí dókítà ń ṣe ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́), ẹ̀ka family medicine (ìtọ́jú gbogbo ẹbí), ọlọ́dún 3, ní ilé ìwòsàn kántì (ìjọba ìbílẹ̀) kan ní California. Ibẹ̀ wù ú gan-an, ó sì fẹ́ gbé e sí ipò kìíní nínú àtòjọ àwọn ilé ìwòsàn tó wù ú, èyí tí wọ́n ń lò láti pín àwọn dókítà sí ibi ìkọ́ṣẹ́.

Owó ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n ní apá kan owó tí àwọn fi ń kọ́ dókítà ń wá láti CalMedForce, ìyẹn owó orí tábà tí àwọn ará California dìbò fún ní 2016. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá owó kiri: òfin 1997 ti fi gbèdéke sí iye dókítà tí Medicare (ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà) ń sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ ni. Ó di kí wọ́n tún kọ̀wé béèrè. Bí àwọn amusìgá bá sì dín kù (ohun tí gbogbo wa ń gbàdúrà fún!), owó orí náà á fà sẹ́yìn.

Nígbà tí ilé ìwòsàn Hahnemann ní Philadelphia kógbá sílé ní 2019, ó lé ní 550 dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ tó ní láti wá ibòmíràn lọ. Físà J-1 (físà àwọn àlejò tó wá kọ́ṣẹ́) ni tàbúrò mi yóò jẹ́, ibi ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló sì so mọ́.

Ta ló yẹ kó bi nípa owó yìí, báwo ni yóò sì ṣe bi í tí kò fi ní dà bí ìwọ̀sí? Ṣé kántì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á gbé e dé ọdún kẹta? Bàbá wa ní kó ṣáà gbé e sí ipò kìíní.