Ta ló ń tọ́jú òbí yín nílé? Ẹ sọ tiyín

Ìyá Tòmíwá, Leeds
Ẹ kú àárọ̀ o. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn, mò ń fún wọn lóògùn, mo sì ń tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù kí ọ́fíìsì lè rí wákàtí tí mo wọlé àti èyí tí mo jáde. Abẹ́òkúta ni màmá tèmi wà, àwọn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Owó tí mò ń gbà lórí ìyá oníyàá ni mo fi ń sanwó fún ẹni tó ń tọ́jú tèmi.

Ní 2022 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn lè fún òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ní físà, ṣe la rọ́ lọ. Nígbà tó di March 2024, wọ́n ní ẹni tó bá tún ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. July 2025, wọ́n ní ó tó, àwọn ò gba ẹni tuntun láti òkè òkun sí iṣẹ́ náà mọ́. Mi ò bínú, ilé wọn ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ yìí gan-an ti ń gbilẹ̀ nílé. Nọ́ọ̀sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá, á gún wọn níka wo ṣúgà, á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Dókítà ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó sì ti yí oògùn wọn padà láìjẹ́ pé wọ́n lọ tò sí ọsibítù. Màmá ní dókítà tí kò fọwọ́ kan èèyàn, ṣé dókítà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìbàdàn
Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ara àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé ni mo wà. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo rò pé ọmọ-ọmọ ni n ó máa gbé pọ̀n, àwọn tó wà ní Kánádà ò jẹ́ n sinmi: "Mọ́mì, ẹ bá wa yà wo Dádì ní Akóbọ̀."

Ẹ̀rọ ìfúnpá tí ẹ̀yin ará òkè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé dára, àmọ́ òun kọ́ ni ìtọ́jú. Bàbá kan wà tí ìfúnpá rẹ̀ ń dára lójoojúmọ́ nínú ìwé. Mo rí i pé oògùn tó yẹ kó ti tán ṣì kún inú páálí. Mo fi ẹ̀rọ tèmi wọ̀n ọ́n: 190 lórí 110, ó ti ga jù. Àṣé bátìrì tiwọn ti kú tipẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ kàn ń fi ọgbọ́n orí kọ nọ́ńbà ni.

Àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ ńkọ́? Ní February 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso wa ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé wọn fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ọmọ náà fẹ̀hónú hàn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Owó tó dára ni kí wọ́n fi dá wọn dúró.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo
Tiwa ni adójútòfò ìlera. Òfin Nàìjíríà ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan, mo sì sáré forúkọ bàbá sílẹ̀. Ibà, wọ́n wò ó. Ẹni tó máa wá sílé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, wọ́n ní kò sí nínú ìwé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi là ń pín in ṣe báyìí, òun lóru, èmi lọ́sàn-án.

Ìyá Tòmíwá
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ lè dé Abẹ́òkúta?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Orúnkún mi ò gbà. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà ní Òkè-Ìléwó tó ń ṣe é. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí mo bá júwe, ẹ ní kó fi ìwé-àṣẹ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì wo ọdún tó wà lórí rẹ̀ bóyá kò tíì kọjá.