Ẹ̀rọ wo ló lè bá bàbá mi sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì, Kétu ní Benin: Ẹ kú ilé o. Rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn bàbá mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń yé wọn, ọwọ́ òsì wọn sì ń ṣiṣẹ́. Lánàá wọ́n nawọ́ títí, a gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Omi ni wọ́n ń fẹ́! Ṣé òótọ́ ni pé fóònù lè sọ̀rọ̀ fún èèyàn?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Òótọ́ ni. Wọ́n á tẹ àwòrán omi, fóònù á sọ pé “omi”. Ẹ wá áàpù tí ẹ lè gba ohùn ara yín sí ní Yorùbá. Bàbá ò nílò Faransé ẹ̀rọ.

Àbúrò Kọ́lá: Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, fi iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ darí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ẹyinjú yan lẹ́tà, àmọ́ owó rẹ̀ ga! Ẹ kọ́kọ́ yàwòrán sórí páálí.

Ìyá Ìbejì: Mo ti yà á. Ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ n sáré.