BIM sọ pé kò sí ìforígbárí, bẹ́ẹ̀ páìpù wa ń kọlu bíìmù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alábòójútó Sáìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀. Inú mi kò dùn rárá bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé alájà mẹ́rin kan ni mo ń bójú tó ní Lẹ́kì. Onílé wà ní òkè òkun, aago mẹ́fà ìdájí ni ó sì máa ń pè mí lójoojúmọ́, bí ẹni tí mo jẹ lówó. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó kọjá pé kí a má ṣe gbára lé àwòrán orí bébà nìkan, kí a lo BIM (Building Information Modelling), kí pílà, bíìmù, dẹ́kìn, páìpù àti wáyà iná jọ wà nínú mọ́dẹ́lì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, kí a lè rí ibi tí wọ́n ti máa forí gbárí kí a tó po kọnkéré. Mo ra kọ̀ǹpútà méjì, mo san owó Revit, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya mọ́dẹ́lì náà, mo ra jẹnẹrétọ̀ nítorí iná ìjọba tí kì í dúró, mo sì gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní òun mọ iṣẹ́ náà. Aago mẹ́wàá ni ọmọ yìí máa ń dé, yóò ti nǹkan bọ etí, yóò máa mi orí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, plọ́ńbà fẹ́ so páìpù ìgbẹ́ sábẹ́ dẹ́kìn àjà kìíní, ó sì pè mí wá wò ó pé bíìmù dí ọ̀nà ní ibi mẹ́ta. Ìròyìn tí ọmọ náà tẹ̀ jáde wà lọ́wọ́ mi, ó sọ pé kò sí ìforígbárí kankan! Ṣé kí n lé e ni, àbí kí n pa gbogbo ọ̀rọ̀ BIM yìí tì, kí n padà sí bébà mi?

Ayàwòrán-Ilé Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ti sọ aago tí ọmọ náà ń dé, ẹ ti sọ ohun tí ó ń tì bọ etí, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ẹni tí ó ya bíìmù sínú mọ́dẹ́lì, ẹ kò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìforígbárí náà. Ohun tí a bá kó fún kọ̀ǹpútà nìkan ni ó lè fi wé ara wọn. Bí ohun tí ó wà nínú mọ́dẹ́lì bá yàtọ̀ sí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pò lókè, irọ́ ni ìròyìn náà yóò máa pa fún yín. Ṣé onímọ̀ ẹ̀rọ yín ló ya bíìmù rẹ̀ fúnra rẹ̀?

Bàbá Bíríkìlà
Mo ti ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Múṣín kí ọ̀pọ̀ yín tó dáyé, okùn, rúlà àti ojú ni mo sì fi kọ́ wọn. Ní ọjọ́ tí kápẹ́ńtà bá ń kan pákó bíìmù, plọ́ńbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, yóò fi páìpù tí ó tóbi ju tirẹ̀ lọ sínú pákó kí a tó po kọnkéré, ihò rẹ̀ yóò sì ti wà níbẹ̀ dè é. Ẹ̀yin ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọ Èkó ní Manchester
Bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba Bìrìtéènì ti sọ BIM di dandan fún àwọn iṣẹ́ tí ìjọba àárín gbùngbùn ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe, ìlànà àgbáyé fún BIM, ISO 19650, tí ó jáde ní 2018 ni a sì ń tẹ̀ lé báyìí. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni kókó ìlànà náà. Ó ní kí gbogbo àwòrán wà ní ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo, kí ó hàn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá a ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tàbí a ti pín in fún àwọn yòókù, tàbí a ti fọwọ́ sí i fún lílò, tàbí ó ti di ohun àná. Èyí tí a kò bá fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà.

Bàbá Bíríkìlà
Manchester kì í ṣe Lẹ́kì. Ta ni yóò san owó ibi ìpamọ́?

Aṣírò Ohun Èlò
Èmi ti rí èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye búlọ́ọ̀kù tí mọ́dẹ́lì kan fún mi pọ̀ ju èyí tí mo fi ọwọ́ ṣírò lọ, nítorí pé ẹni tí ó yà á fa ògiri gba inú pílà kọjá, ó wá ń ka búlọ́ọ̀kù níbi tí kọnkéré wà. Mo ṣì ń lò ó títí di òní, àmọ́ mo máa ń fi ọwọ́ ṣírò yàrá méjì kí n tó gba ìyókù gbọ́. Alábòójútó, ayàwòrán-ilé bi yín ní ìbéèrè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá a lóhùn.

Alábòójútó Sáìtì
Ẹ ṣeun. Lórí ti owó, n kò fi owó onílé ṣòfò, mo ní rìsíìtì gbogbo rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ wa kì í ya mọ́dẹ́lì. Àwòrán pẹlẹbẹ ni ó ń fi ránṣẹ́, ọmọ yìí ni ó ń wò ó ya bíìmù. Òótọ́ ni pé onílé ní kí a yọ pílà kan kúrò láàárín pálọ̀, tí onímọ̀ ẹ̀rọ sì torí rẹ̀ sọ bíìmù tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 450 di 600, ṣùgbọ́n orí WhatsApp ni ó ti fi àwòrán tuntun náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì fún àwọn tó ń di irin lójú ẹsẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró. Ọmọ náà kò béèrè. Ọ̀rọ̀ náà kò kúkú le tó bẹ́ẹ̀: plọ́ńbà ti fi ẹ̀rọ lu ihò méjì nínú bíìmù náà, irin kan péré ni ó gé, ìkẹta ni mo ní kó dúró ná.

Ayàwòrán-Ilé Ìbàdàn
Ha! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé BIM tì ná. Bíìmù tí wọ́n mú jìn sí i nítorí pé kò sí pílà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ni ẹ gé irin rẹ̀ yìí. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lókè àti lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ pe onímọ̀ ẹ̀rọ lónìí kí ó sọ bí a óò ṣe gbé e ró. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà kí ó tó fojú ara rẹ̀ rí i.

Bàbá Bíríkìlà
Ayàwòrán yìí sọ òótọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́lé, n kò gbà kí plọ́ńbà fi irin kan bíìmù rí. Irin wo ni ó gé, tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?

Ọmọ Èkó ní Manchester
Ẹ sì wò ó, mọ́dẹ́lì kò purọ́ fún yín. Ní 450, páìpù náà kọjá lábẹ́ bíìmù wọ́ọ́rọ́wọ́. Mílímítà 150 tí bíìmù fi sọ̀ kalẹ̀ sí i ni ó dí i lọ́nà. Ọwọ́ yín ni àwòrán tuntun dúró sí, ẹ wá ń wá bí ẹ ó ṣe lé ọmọ ọlọ́mọ.

Alábòójútó Sáìtì
Ẹ rọra bá mi wí. Ojú mi kò gbélẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Onímọ̀ ẹ̀rọ dé láàárọ̀ yìí. Bàbá, irin ìsàlẹ̀ ni. Ó ti ní kí a to òpó irin sábẹ́ bíìmù náà láti ilẹ̀, ó fẹ́ tún un ṣírò kí ó tó sọ bóyá àtúnṣe wà tàbí a óò wó o, ó sì ní kí a yí páìpù gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ọmọ náà ti fi 600 sínú mọ́dẹ́lì, ó tún àyẹ̀wò ṣe, ìforígbárí mọ́kànlá ni ó jáde. Mẹ́jọ nínú wọn wà ní àwọn àjà tí a kò tíì pò. N kò lé e. Onílé nìkan ni n kò tíì sọ fún, aago mẹ́fà ìdájí ọ̀la ni yóò sì pè.

Aṣírò Ohun Èlò
Ẹ má dúró dè é. Ẹ pè é lálẹ́ òní, ẹ fi fọ́tò ihò náà hàn án, kí onímọ̀ ẹ̀rọ sì kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i.