Oṣù wo ló dára jù láti lọ sí etíkun àwọn olówó ní ilẹ̀ Faransé?

Ará Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́, béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi àti ìyàwó mi sì ń gbé ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nítòsí Antibes, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ti ní kí á wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun, ó sì ní kí àwa fúnra wa mú oṣù tó bá wù wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Ìyàwó mi ní oṣù kẹjọ ni kí á lọ, nítorí pé nínú gbogbo fọ́tò ibẹ̀ tí òun ti rí, oòrùn ló ń ràn, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi funfun sì tò lọ rẹrẹ bí ìgbà tí lékeléke bà sí pápá. Owó ni èmi ń bẹ̀rù, mo sì ń bẹ̀rù ìtìjú pẹ̀lú, nítorí n kò mọ ohun tí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn tí ọkọ̀ ojú omi wọn ga ju ilé mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ rí, ǹjẹ́ ènìyàn lè gbádùn ibẹ̀ nígbà tí kì í ṣe ìgbà ooru wọn?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé, dáhùn pé:

Ẹ kú oríire ọmọ, sà. Mo lọ sí Nice, ìlú ńlá tó wà nítòsí Antibes yẹn, ní oṣù kẹjọ lọ́dún kan, mo tún padà lọ ní oṣù kejì lọ́dún mìíràn, ohun tí ojú mi rí nígbà méjèèjì kò sì jọra rárá. Oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ará Faransé máa ń gba ìsinmi, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo wọn ló ti fi àdéhùn sí etíkun kan ṣoṣo. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi wá ibi tí màá tẹ́ aṣọ ìnura mi sí, ìgbà tí mo sì rí i tán ni mo tó mọ̀ pé etíkun Nice kò ní yanrìn. Òkúta róbótó-róbótó ló kún ibẹ̀, òmíràn tóbi tó ẹyin adìyẹ, oòrùn sì ti yan wọ́n bí agbada gaàrí. Mo ń fò bí ẹni tó tẹ ìjàlọ títí mo fi dé inú omi, ọmọdé kan sì dúró ti ìyá rẹ̀, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà yòówù tí ẹ bá lọ, ẹ ra bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń wọ omi. Bí ó bá jẹ́ pé yanrìn ni màmá fẹ́, ìlú Cannes ni kí ẹ mú wọn lọ.

Oṣù kejì ni tèmi. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣe Carnaval, àjọ̀dún ńlá ìgboro, ní Nice, èyí tí wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí láti ọdún 1873. Ní Menton, tó wà lẹ́nu ibodè Ítálì, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọsàn mímu ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ère tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àjọ̀dún tiwọn sì ti wà láti ọdún 1934. Mo sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ère náà kí n lè mọ ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi so ọsàn kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ère, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọgbà náà kan. Àwọn igi mimosa náà máa ń yọ òdòdó ní àkókò yìí, tí àwọ̀ ìyeyè wọn á sì bo ara òkè. N kò rí i nínú fọ́tò kankan kí n tó débẹ̀.

Bàbá Arìnrìn-àjò, Oǹdó, dáhùn pé:

Ìyá Ìbejì ti sọ òótọ́, mo kàn fẹ́ fi kún un pé ìgbà òtútù gan-an ni ìgbà tí wọ́n fi dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún fàájì. Àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Rọ́ṣíà ló ń sá fún òtútù ilé wọn wá síbẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí ló sì dá owó jọ ní àwọn ọdún 1820 tí wọ́n fi la ọ̀nà ẹsẹ̀ létí òkun Nice, èyí tí wọ́n ń pè ní Promenade des Anglais títí di òní. Ọbabìnrin Victoria pàápàá máa ń wá sinmi ní òkè Cimiez, ní Nice. Ọdún 1887 ni òǹkọ̀wé Stéphen Liégeard sọ agbègbè náà ní Côte d'Azur, nígbà tí kò tíì sí ọlọ́rọ̀ tó máa ń dúró níbẹ̀ nígbà ooru. Àfi ìgbà tó di àwọn ọdún 1920 ni yíyá oòrùn tó di àṣà. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá lọ ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, ìṣe àwọn ọba lẹ ń ṣe. Ẹ kàn mú aṣọ òtútù dání, nítorí pé nǹkan bí 13 °C ni ọ̀sán ibẹ̀ máa ń jẹ́, ìyẹn sì le ju ìdájí ọyẹ́ ní Ìdànrè lọ.

Ní ti ìtìjú, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Àga aláwọ̀ búlúù wà létí ọ̀nà tí mo sọ yìí, ẹnikẹ́ni ló lè jókòó síbẹ̀ wo òkun láìsan kọ́bọ̀. Bí aago méjìlá bá lù lọ́sàn-án, ẹ ó gbọ́ ìró àgbá láti orí òkè Château. Wọ́n ní ará Scotland kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ tó máa ń tàkúrọ̀sọ títí tí yóò fi gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. (N kò dárúkọ ìyàwó ẹnikẹ́ni.) Ní Cannes, àtẹ̀gùn tí àwọn òṣèré ń gùn lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa nígbà àjọ̀dún fíìmù ní oṣù karùn-ún kò ju 24 lọ, nígbà tí kò bá sì sí ayẹyẹ, ẹ̀yin náà lè dúró níbẹ̀ ya fọ́tò. Ọmọ Ìdànrè tó ti gun 660 kò ní mọ̀ pé òun gun nǹkan kan. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Monaco, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, kò tó ìdajì wákàtí láti Nice, kí ẹ sì jókòó sí apá ọ̀tún nítorí pé ibẹ̀ ni òkun wà. Gbogbo ilẹ̀ Monaco kò ju nǹkan bí kìlómítà 2 onígun mẹ́rin lọ, òfin sì ká àwọn ọmọ ìlú náà lọ́wọ́ kò láti ta tẹ́tẹ́ nínú ilé tẹ́tẹ́ tiwọn. Ẹ̀yin ni òfin gbà láàyè. Mo dúró síwájú ilé náà, mo fi wákàtí kan wo mọ́tò olówó iyebíye, mo sì padà pẹ̀lú gbogbo owó mi.

Àdùkẹ́, Alágbàká, dáhùn pé:

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ ti gbàgbé pé òkun ni màmá ń fẹ́, omi òkun náà kò sì gbóná ju 13 °C lọ ní oṣù kejì. Oṣù kẹsàn-án ni kí wọ́n lọ, nítorí pé àwọn ọmọ ilé ìwé ti wọlé, èrò ti dínkù, omi sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí wọ́n má jẹ́ kó di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ìgbà tí òjò ńlá máa ń rọ̀ níbẹ̀. Oṣù karùn-ún náà kò dára, nítorí àwọn tó wá fún fíìmù ní Cannes ni yóò kún ojú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé ojú òkun lásán ni wọ́n fẹ́ wò, Àràròmí ní Ìlàjẹ ńkọ́, níbi tí a kò ti nílò físà? Físà ọ̀hún, ẹ lè kọ̀wé fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ní ti oúnjẹ, ẹ wá socca jẹ ní àdúgbò àtijọ́ Nice. Irú ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn á fi omi, iyọ̀ àti òróró ólífì pò ó, wọn á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú agbada ńlá, wọn á sì tì í bọ inú ààrò. Etí rẹ̀ máa ń jóná díẹ̀, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹ máa rò pé àkàrà ni. Ẹ má sì di ẹran gbígbẹ sínú ẹrù o, wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹja gbígbẹ ni òfin gbà.

Ará Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ka èsì yín sétí ìyàwó mi láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tó gbọ́ nípa òkúta gbígbóná, ó dákẹ́. Nígbà tó gbọ́ nípa àgbá, ó ní kí n tún un kà, ó sì wò mí lójú. Ọ̀rọ̀ ọsàn tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ ère ló pinnu ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ní òun gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ọ̀kan kí òun tó gbà gbọ́. Oṣù kejì ni a ó lọ, Àdùkẹ́, má bínú. Ó ti yọ ẹran gbígbẹ kúrò nínú ẹrù, ó sì ti fi panla rọ́pò rẹ̀. Aṣọ òtútù ló kù. Èyí tí mo rà ní Ọjà Ọba lánàá, apá rẹ̀ kò kọjá ìgúnpá mi.